Etí Àbúrò

"Kòkòrò kan náà ni wọ́n bá nímú àwọn ọmọ méjèèjì, kí ló dé tó jẹ́ etí àbúrò nìkan ló ń ṣọyún?"

Ìyàwó mi, ìbéèrè tí o bi dókítà lánàá nìyẹn. Ẹ̀rín ló rín, ìwọ náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ kò rí ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín.

Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ màmá rẹ. Mo ti ro oògùn sí etí àbúrò. Mo pè é láti ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ yíjú, ẹ̀rù sì bà mí. Tí ẹ bá padà lọ lọ́la, má kun ètè. Etí ọmọ la fẹ́ kí dókítà wò.

Mi ò sùn dáadáa. Kòkòrò lè gbé nímú ọmọ láìdá wàhálà sílẹ̀, bí àwọn ọmọ ogun ara bá ń ṣọ́ ọ. Ta ló wá ṣílẹ̀kùn etí fún un? Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn rí ìdáhùn ṣáájú mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú ìwé tí mò ń kọ sí ọ yìí ni. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń fi ife mu wàrà. Àbúrò na gbalaja lórí ibùsùn, ìgò wàrà lẹ́nu, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ lójú gbogbo wa. Ó wúkọ́, wàrà sì gba imú rẹ̀ jáde.

Mo ti gbé e jókòó. Pe dókítà rẹ, kí o bi í bóyá wàrà tó ń mu ní ìdùbúlẹ̀ náà ló ń gbé kòkòrò láti imú gba inú wọ etí. Sọ fún un pé bàbá ọmọ ló rí i.