Alálùmọ́gàjí, Ṣọ́ọ̀bù Rẹ Ṣì Ń Gé Ìròyìn

Ọmọ ìyá mi, Alálùmọ́gàjí, òní ló pé ọdún mẹ́rin tí o ti fi wá sílẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni mò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó rẹ kọ ìrántí yìí, ó ní ẹkún ò ní jẹ́ kí òun kọjá ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí ọmọ rẹ kọ ọ́, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀ láì kúnlẹ̀. Ni mo bá ní ẹ gbé bírò wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Má fòyà, ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò tì! Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò tì o! Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní n bá wọn jókòó níbẹ̀ fún oṣù kan péré, kí ilẹ̀kùn má baà wà ní títì. Oṣù kan yẹn ni mo ṣì ń lò títí dòní. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ránṣọ, èmi ni mò ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ báyìí. Òrùlé tó ń jò sórí àwọn ìwé ìròyìn rẹ, a ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ ti kun ògiri ẹ̀yìn ní funfun. Ọmọbìnrin rẹ tó máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìka mọ́ra wọn, ó ti ga jù mí lọ, ó ti jáde ilé ìwé, ó sì ń pàṣẹ fún mi bíi tìrẹ gẹ́lẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́ á rò pé onígbàjámọ̀ ni ọ́, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́. Ìròyìn lò ń gé. Àwọn oníbàárà tí kò ráyè ka ìwé ìròyìn, ìwọ lò ń bá wọn kà á. Èyí tó bá kan iṣẹ́ wọn, o gé e, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, o fi kọ́ sára ìṣó oníkálukú lára ògiri. Bí oníbàárà tuntun bá dé, o kì í bi í ní ohun tó fẹ́. Ohun tí o máa ń bi í ni pé: "Kí lẹ kò fẹ́ kà?" Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí nígbà náà. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń tajà nìyẹn, kí èèyàn wá ránṣọ kí n máa bi í ní aṣọ tí kò fẹ́ wọ̀?

O lọ tán, ìwé ìròyìn náà ń tán lọ lórí àtẹ. Àwọn oníbàárà ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí a ti máa bá àwọn wá a. Ọmọ rẹ wá ṣètò ìtanilólobó: èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ tó ń wá sílẹ̀, bí ìròyìn kan bá ti mẹ́nu bà á, ó ti wọ kọ̀ǹpútà wa nìyẹn. Ìyá Ọlọ́kọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, òun ló ni àwọn ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá odò, òun sì ni oníbàárà rẹ tó tóbi jù. Bí ó bá kúrò lẹ́yìn wa, kò sí ohun tí a ó fi gbé ṣọ́ọ̀bù dúró. A kọ "odò", a kọ "èbúté", a lọ sùn.

Háà, ọmọ ìyá mi! Ilẹ̀ mọ́, gbogbo odò ayé ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ! Odò tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Olórin kan tó ṣègbéyàwó létí odò. Ẹja tó tóbi ju ọmọ ọdún méje lọ. Wọ́n ní ajá kan lúwẹ̀ẹ́ sọdá odò lọ bá olówó rẹ̀. Ìwọ náà lo sì kọ́ wa pé bébà kankan kò gbọdọ̀ wọ agbọ̀n ìdọ̀tí bí ojú èèyàn méjì kò bá tíì kà á. Kí la wá ṣe? A tẹ gbogbo rẹ̀ jáde! A gbé àlùmọ́gàjí rẹ, a gé e, a lẹ̀ ẹ́, a fi kọ́. Ìṣó Ìyá Ọlọ́kọ̀ já bọ́ lára ògiri. Gọ́ọ̀mù gan mọ́ irun ìyàwó rẹ, èmi ni mo fi àlùmọ́gàjí kan náà gé e kúrò, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àpò ńlá la fi ń kó ìròyìn lọ fún obìnrin yẹn.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nínú àpò yẹn, láàrin ajá àti olórin, ni ìròyìn kan wà pé wọn yóò ti èbúté òdìkejì fún àtúnṣe. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ò rí i. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kó èrò dé ọ̀hún, wọ́n bá ẹ̀wọ̀n lẹ́nu èbúté, wọ́n sì kó gbogbo wọn padà tèébú tèébú. Obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó jókòó sórí àga rẹ. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Nítorí olóògbé ni mo ṣe dúró dìgbà yìí. Bí oṣù yìí bá parí tí nǹkan ò yí padà, ẹ má bínú sí mi."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ wọ bàtà, ó tọ obìnrin náà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ létí omi, ó sì bi í ní ìbéèrè rẹ. Ìyá Ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ wò ó sùn-ùn, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ló bá bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ ẹja. Kò fẹ́ ìgbéyàwó. Kò fẹ́ ajá, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Kò fẹ́ odò ìlú onílùú. Wọ́n sọ ọ́ títí tíì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fi tutù.

Ọmọ rẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́, ó fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀, kí ìròyìn tó bá ní in nínú má wọlé. Orúkọ èbúté òdìkejì tó gùn, ó fi àmì àyọlò há a láàrin, kí ẹ̀rọ má baà tú u palẹ̀ kó máa wá a ní ẹyọ ẹyọ. Ó ní ìròyìn agbègbè wa nìkan ni kó máa mú wá, lẹ́ẹ̀kan láràárọ̀. Ó dùn mọ́ wa, a sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, a tún un sẹ́, a sẹ́ ẹ ní àsẹ́jù! Ó di pé nǹkan kan ò wọlé mọ́. Mo gbá kọ̀ǹpútà létí, mo rò pé ó ti kú ni. Àṣé ọ̀rọ̀ "ẹja" tí a yọ ló ń lé ìròyìn gidi sá, torí àwọn apẹja náà ń lo èbúté yẹn. A dá ẹja padà. A fi ajá sílẹ̀ níta.

Oṣù ti ń parí lọ nígbà tí ìròyìn ẹyọ kan wọlé láàárọ̀: wọ́n tún fẹ́ ti èbúté náà. Ẹyọ kan o, àbúrò mi! Mi ò dúró tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi orúnkún mi yìí sáré lọ bá Ìyá Ọlọ́kọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó ti kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí èbúté tó wà lókè odò, èrò kankan ò padà sílé. Kò pẹ́ sí i, òun àti oníbàárà tuntun kan, ọkùnrin tó ń sin kòkòrò oyin, ni wọ́n jọ wọlé. Ọkùnrin náà ò tíì jókòó dáadáa tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bi í lẹ́ẹ̀kan náà ní ohun tí kò fẹ́ kà. Mo wo ìyàwó rẹ, ó wò mí, omi bọ́ lójú àwa méjèèjì, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ò lọ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ ò bàjẹ́.

Mo ti kọ ọ́ síbí pé o máa ń hanrun débi tí n kì í rí oorun sùn nígbà tí a jọ wà ní yàrá kan ní kékeré. Mo kọ ọ́ pé olórí kunkun ni ọ́, pé o máa ń wọ bàtà mi jáde, o sì ń gbàgbé rẹ̀ sínú òjò. Ọmọ rẹ kà á, ó ní kí n yọ àwọn yẹn kúrò, pé ìrántí la ń kọ, a ò pè ọ́ lẹ́jọ́.

Mo ní rárá. Ti gbogbo ayé ni kí a máa sẹ́, tìrẹ nìkan ni mi ò ní sẹ́. A nífẹ̀ẹ́ rẹ, a ń ṣàárò rẹ, a fẹ́ ọ tagídí tagídí, tòun ti bàtà mi lẹ́sẹ̀ rẹ. Bí ìhanrun rẹ bá tún lè dún nínú ilé yìí, ọmọ ìyá mi, màá jókòó, màá máa gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.