Aṣọ Ló Jó, Ara Kò Jó

Ọjọ́rú, 8 oṣù Ẹrẹ́nà, 1978

Mo borí! Igi òrí tí ìyá ọkọ mi fi lé mi lọ́wọ́ ṣì wà ní ìdúró lóko wa ní Kòmú.

Láti ìgbà ọyẹ́ tí iná igbó ti jó o ni Bàbá Kọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti ń wí pé ó ti kú, pé òun yóò fi ṣe èédú. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Láàárọ̀ yìí ó gbé àáké dé. Mo ní, "Ẹ dákun, Bàbá Kọ́lá, ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ èèpo rẹ̀ ná."

Mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Èèpo náà nípọn, ó le bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Òde rẹ̀ nìkan ni iná rí jó. Inú pupa, ó tutù, omi funfun sì ń sun jáde.

"Bàbá Kọ́lá, ṣé òkú a máa sun wàrà?"

Ó fọwọ́ kàn án, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, o mú mi." Ó gbé àáké kọ́ èjìká. Kò tíì rìn jìnnà tó fi yíjú padà: "Bí ẹ bá ṣe òrí lọ́dún yìí, má gbàgbé orúnkún mi tó ń dùn mí o."

Ẹ gbọ́ ẹnu! N ó fún un. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ ṣa èso rẹ̀ nílẹ̀.