Fọ́ọ̀mù Tí Kò Mọ Orúkọ Yín

Màmá mi, abiyamọ tòótọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan ò tíì dẹrùn ní Àkúrẹ́. Gààrí tí a mu lọ́sàn-án náà la tún ń tẹ̀ ní ẹ̀bà lálẹ́. Bí ẹ bá wà, ẹ ó ní kí n má ṣàròyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ jẹ́ táípíìsì ní ọ́fíìsì ìjọba? Ẹ̀rọ yín kò ní àmì kankan. Tí ẹ bá ti tẹ ìwé tán, ẹ ó fa bírò yọ nínú irun yín, ẹ ó wá máa fi àmì sábẹ́ àti sórí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá yín a máa kanra pé ó ń pẹ́. Ẹ kì í tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, èmi ni mo ṣe é. Orúkọ bíi Jọ́ọ̀nù àti Méérì nìkan ni mo fi dán an wò. Lẹ́tà òyìnbó nìkan ni ibi tó ń tọ́jú orúkọ sí mọ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, á fi àmì ìbéèrè dípò rẹ̀, ojúlówó á sì sọnù pátápátá. Ẹ̀yin sì rèé, ẹ tẹ Mọ́ṣúnmọ́lá lórí fóònù yín, ẹ ò fo àmì kan.

Ẹ wọkọ̀ láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ níbí lásìkò tí epo bẹntiróòlù di wúrà. Wọ́n wá orúkọ yín títí ní ilé ìwòsàn, wọn ò rí i. Ẹ jókòó di ọ̀sán, ẹ padà láì rí dókítà, ẹ ò sì yà lọ́dọ̀ mi ní Ìsinkàn.

Nígbà tí ẹ pè mí, mo jágbe mọ́ yín pé ta ló ní kí ẹ kó gbogbo àmì yẹn síbẹ̀. Èmi tí ẹ fi iṣẹ́ táípù yẹn rán níléèwé! Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ kàn bi mí bóyá mo ti jẹun. Ojú ń tì mí, Màmá.

Dókítà ní kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló pa yín, pé àìsàn náà ti jinlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn ń tù mí nínú? Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù mi ni?

Mo ti tún un ṣe. Láti ojú fọ́ọ̀mù dé ibi ìpamọ́ dé orí bébà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn fi ń ka lẹ́tà báyìí. Àwọn orúkọ tó ti bàjẹ́ ò ṣeé dá padà, nítorí náà mo ń pe àwọn tó ni wọ́n, ará Ìgbàrà-Òkè, ará Oǹdó, mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún orúkọ wọn sọ fún mi. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, orúkọ yín ni mo fi dán an wò. Ó jáde lódindi. Fọ́ọ̀mù wá bi mí bóyá aláìsàn yìí ti wá rí, tàbí ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Mi ò lè tẹ ìkankan. Mo jókòó tì í títí iná fi lọ.

Ẹ foríjì mí.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.