Eyín Tí Kò Bá Ẹnu Yín Mu

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni inú ti ń bí mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún àfi ẹ̀yin.

Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé àbúrò mi ni, ọmọ yín tó ń ta pákó àti páànù ní Beyerunka. Ẹ mọ bó ṣe máa ń fi ìka lu páànù kó tó rà á, tí yóò tẹ́tí sí ìró rẹ̀, tí yóò ní eléyìí ti fẹ́lẹ́ jù, kí wọ́n gbé e padà. Tó bá di ti òrùlé oníbàárà, kì í gba gbàrọgùdù. Kí ló dé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnu yín?

Nígbà tí eyín yín ká tán, èmi ni mo mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ó gbé oríṣi eyín àtọwọ́dá méjì ka orí tábìlì: ọ̀kan tí wọ́n fi irin tín-ínrín tí kì í dípẹtà tẹ́ inú rẹ̀, èkejì tó jẹ́ rọ́bà líle lásán. Ó ní èyí tó wù ká mú, òun gbọ́dọ̀ fi ìda wọn ẹnu yín dáadáa. Ó tún ní lókè òkun, wọ́n ti ń gbin eyín sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyìí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní, “Ṣé ebè iṣu ni mí ni, Dókítà?” A mú onírin. Ó ní ká padà wá kí òun wọ̀n yín.

Káyọ̀dé ò jẹ́ ká padà. Ó ní yóò pẹ́ jù. Ó lọ bá ọkùnrin kan ní Bere tó ń ta eyín tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ó gbé e wálé nínú ọ̀rá. “Eyín ṣáà ni,” ló wí. Ẹ fi sẹ́nu, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ó sì ń họ erìgì yín.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ parọ́ fún un. Ìgbàkígbà tó bá yọjú sí yín nílé ní Oníyanrìn, ẹ ó sáré fi í sẹ́nu, ẹ ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Ó dáa gan-an.” Tó bá lọ tán, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ á máa bá omi náà jáde. Kí lẹ ń bò fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ohùn yín máa ń dé ìta, ẹ ò kà á mọ́. Ògì lẹ ń mu bí ọmọ ọwọ́. Bí ẹ̀rín bá pa yín, ẹ ó fi etí gèlè bo ẹnu.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ ìsìnkú? Òun fúnra rẹ̀ ló yan pákó pósí yín. Ó ń fọwọ́ pa á, ó ń wá ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú eyín yẹn wá bá mi níbi tí mo ti ń wọṣọ fún yín, ó ní kí n fi sí yín lẹ́nu, kí ẹ lè dára nínú fọ́tò.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Káyọ̀dé, fi sẹ́nu ara ẹ ná.” Mo ju eyín náà sílẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́ bí ìkarahun ẹyin, lójú gbogbo àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó fi sẹ́nu ìyá rẹ̀ ò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu tiyín la fi sin yín.

Ó ti ń wá bẹ̀ mí. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ń dùn yín. Òótọ́ ni, ẹ ò jẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀yin náà ni mo ń bínú sí; kí ni kí n wá fi ìbínú yẹn ṣe?

Láti kékeré lẹ ti máa ń bá Káyọ̀dé bẹ̀ mí, mo sì máa ń gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá, ẹ má bá a bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n bínú tẹ́rùn ná.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín.