Omi Tí A Ń Fi Ṣíbí Mu: Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Ìyá Tọ́-ọ-wò

Etí òkun ni wọ́n bí màmá wa sí ní ọdún 1948, ní àárọ̀ tí ìkùukùu bo ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí òkun parí sí, tí ojú ọ̀run sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ a máa kó koríko òkun nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Ìyá wọn a sì máa sá a sórí òkúta. Inú òórùn iyọ̀ àti koríko tútù yẹn ni wọ́n ti rá, tí wọ́n ti rìn. Ìgbà tí màmá wa kọ́kọ́ rí abọ́ omi tí wọ́n fi se koríko náà, tó ti dì, tó ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí òtútù mú, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìka tẹ nǹkan wò: búrẹ́dì, tìmùtìmù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ti tẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rí, ẹ foríjì wọ́n.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé, wọ́n sì tẹ̀ síwájú títí dé yunifásítì, níbi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ní 1973, ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi koríko òkun ṣe ìyẹ̀fun tí ń mú omi dì gbà wọ́n sí yàrá ìwádìí. Àwọn oníjẹ́lì, tí wọ́n ń ṣe ìpápánu dídùn tó ń gbọ̀n lórí àwo, ló ń ra ìyẹ̀fun náà, wọ́n sì fẹ́ kó le. Iṣẹ́ màmá wa nìyẹn: wọ́n á fi omi sóódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ se koríko náà, kí ohun tó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Jẹ́lì tiwọn, bí ẹ bá jù ú mọ́ ògiri, ògiri lẹ máa káàánú. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá náà, "Tọ́ ọ wò" ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ "káàbọ̀". Bí orúkọ ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn.

Inú yàrá yẹn náà ni ọkọ ti wá. Káfíńtà ni bàbá wa. Àwọn ló kan àgbékà tí wọ́n ń to àwo jẹ́lì sí. Lọ́jọ́ kejì, màmá wa ránṣẹ́ pè wọ́n: jẹ́lì inú gbogbo àwo ti dì, ó sì ga lápá kan ju apá kejì lọ. "Ẹ wo àgbékà yín, ó wọ́." Bàbá wa ní ojú ló ń tàn wọ́n. Màmá wa ní, "Ojú tèmi lè tàn mí, ṣé ojú omi náà ń tàn án ni?" Bàbá wa tún un kàn. Wọ́n padà wá wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, nígbà tí àgbékà kò ní àlébù kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ di ìgbéyàwó ní 1976, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ti ìgbàgbọ́, màmá wa kì í pa ìsìn jẹ. Wọ́n fẹ́ràn orin púpọ̀. Orin ni kò fẹ́ràn wọn. Adarí akọrin fi wọ́n sí ìlà ẹ̀yìn, wọ́n sì ń bá a lọ níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ní 2009 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa. Ọwọ́ padà, ẹsẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ohùn náà padà. Ọ̀nà ọ̀fun ni kò padà. Wọ́n lè gbé oúnjẹ tó ki mì, ṣùgbọ́n bí omi bá kan ẹnu wọn, ọ̀nà èémí ló ń gbà, á pá wọn lórí, ojú wọn á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n má fẹnu kan omi mọ́, kó má baà wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Rọ́bà tí wọ́n tì bọ imú ni a ó máa fi fún wọn. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Nínú ilé tiwa, omi dọ̀tá. Bàbá wa a jókòó lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, wọ́n á máa gbọ́ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń dà sínú garawa àwọn ará àdúgbò, wọ́n á sì máa lá ètè. "Ife omi kan péré, kí n tó kú," ni wọ́n máa ń sọ fún màmá wa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n wọ egungun.

Màmá wa ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, àmọ́ wọ́n bẹ ilé-iṣẹ́ fún igun kan nínú yàrá ìwádìí. Ìyẹ̀fun líle tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ gba oríyìn ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò, ó sì dójú tì wọ́n: ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, omi sì ń sun jáde lára rẹ̀. Omi tó ń sun yẹn gan-an ló lè pa bàbá wa. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àwọn okùn tín-ín-tín ló wà nínú jẹ́lì, tí wọ́n di ara wọn mú, tí omi sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Bí wọ́n bá di ara wọn mú jù, wọ́n á fún omi náà jáde. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé kọ́ jẹ́lì bí a ṣe ń le wá jókòó, ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń rọ̀. Wọ́n ń so èròjà kéékèèké mọ́ àwọn okùn náà lára kí wọ́n má baà lè sún mọ́ra jù. Bó bá pọ̀ jù, jẹ́lì á kọ̀ láti dì. Bó bá kéré jù, á tún máa ṣomi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n ń fẹ̀sọ̀ mú un.

Nígbà tó yá, ó rọ̀, ó dúró, kò sì ṣomi mọ́. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà fọwọ́ sí i, màmá wa fúnra wọn sì jẹ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá wa. Wọ́n ti fi ṣúgà sí i, wọ́n ti fi òórùn ọsàn sí i, wọ́n ti pa á láró bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bàbá wa gbé e mì wẹ́rẹ́. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bàbá wa wá ní, "Ó dùn o. Ṣùgbọ́n omi ni mo ní kí o fún mi."

Háà, inú bí màmá wa! Ẹni tó ti ń bá oníjẹ́lì ṣòwò láti ọjọ́ yìí wá kò rò ó rí pé ẹnìkan lè fẹ́ èyí tí kò dùn. Wọn kò bá bàbá wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n yọ ṣúgà, wọ́n yọ ọsàn, wọ́n yọ aró. Ìgbà yẹn la tó mọ ohun tí adùn ti ń bò mọ́lẹ̀: ó korò díẹ̀. "Yàrá ìwádìí ṣì wà nínú rẹ̀," ni bàbá wa wí. Ni màmá wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìyẹ̀fun náà. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sá a, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Lásìkò náà, ilé wa dà bí ilé ojú àlá: àwo omi tó dì lórí fèrèsé, lórí àga, lórí pẹpẹ, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá, gbogbo wọn a sì gbọ̀n pẹ́pẹ́ bí a bá ti ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ là ń rìn láàárín omi tó dìde dúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá wa gba ṣíbí kan sẹ́nu. Wọ́n dijú. Omijé ń bọ́ lójú wọn. "Omi," ni wọ́n wí. Màmá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé.

Láti 2012 ni màmá wa ti ń kọ́ àwọn ará ilé aláìsàn ní ilé ìwòsàn bí a ṣe ń po omi yìí, láìretí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ti bàbá wa, àyàfi ọwọ́ tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sún mọ́ ìkòkò tí wọ́n fi ń po tiwọn, wọ́n á ní, "Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi."

Gbogbo wa ló rò pé bàbá ni yóò ṣíwájú. Bàbá pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá, màmá wa sùn lórí àga, wọn kò sì jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn. Àbúrò wọn ọkùnrin, tó ń wakọ̀ ojú omi. Àwa ọmọ mẹ́ta, olùkọ́, mẹkáníìkì àti nọ́ọ̀sì. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, tí àbíkẹ́yìn wọn kò tíì rìn.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá wa ti pa ẹnu dé. Wọ́n kọ omi, a sì tún padà sídìí rọ́bà. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ó rọrùn lẹ́nu. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró nídìí iná: olùkọ́ ń pàṣẹ, mẹkáníìkì ń rò ó, nọ́ọ̀sì ń bá àwọn méjèèjì jà. Ìkòkò àkọ́kọ́ kò dì. Èkejì dì bí òkúta. Ìwé ìsìnkú yìí ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé nígbà tí a ní kó dúró, kí a lè fi èyí kún un: lánàá, a gbé ẹ̀kẹta lọ síwájú bàbá wa. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n la ẹnu. "Ó ṣì le díẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún la ẹnu.

Ẹ sùn re o, màmá. Bàbá ti mu omi.