Koríko Mùyídéènì Nínú Ọ̀dá

Ọjọ́ Ajé, 5-2-73
Lẹ́tà dé láti Sáríà. Ojú ìwé méjì gbáko. Ìlà mẹ́ta péré ló fi kí mi, ó fi ìlà kan kí ìyá rẹ̀, koríko ló gba gbogbo ìyókù. Ṣé ó ṣì ń tutù? Ṣé ewúrẹ́ ò wọ̀ ọ́? Kí n má da omi ọṣẹ sí i. Ẹ̀rín pa mí. Ọkọ mi Mùyídéènì, akọ̀wé rélùwéè — òun nìkan ló gbin koríko òyìnbó síwájú ilé nígbà tí gbogbo Òṣogbo ń gbá iwájú ilé tiwọn títí á fi funfun.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun ń bọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Bí òun bá bá koríko náà láàyè, òun á mọ̀ pé mo lè tọ́jú ilé, a ó sì jọ padà sí Sáríà. A ó jọ padà. Ó ti pé ọdún kan àtààbọ̀ tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta la ti ṣe yìgì, mi ò tíì bímọ. Ọmọ kì í sì í gba inú lẹ́tà wá.

Koríko yìí ò ní kú.

Ọjọ́bọ̀, 8-2-73
Omi ẹ̀rọ ò yọ. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Kànga ṣì ń fún wa lómi, ṣùgbọ́n ó ti di kéèyàn so okùn méjì pọ̀ kí garawa tó kan ìsàlẹ̀. Ọmọọba gba garawa mẹ́rin láàárọ̀ — Ọmọọba ni mo sọ koríko, nítorí kò sẹ́ni tó ń mu kó tó mu. Mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ wàyí. Kí oòrùn tó yọ ni. Bó bá di ọ̀sán, òfò ni. Agolo tí mo lu níhò ni mo fi ń wọ́n omi sí i, kó má baà ṣàn lọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí kò gbérí padà, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 18-2-73
Ìyá tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní ilé tí koríko bá hù síwájú rẹ̀, ẹni tó ń kọjá á rò pé onílé ti kú ni. Wọ́n ní èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí, oko ni mo wá ń dá síwájú ilé ọmọ àwọn. Mo ní ẹ má bínú, Ìyá, ọmọ yín ló ní kí n ṣe é. Wọ́n pòṣé. Inú bí mi, mo gbé e mì.

Omi ìwẹ̀ mi ti di abọ́ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27-2-73
Eyínfúnjowó yà wá láti ibi tó ti ń tajà ní Ọjà Ọba. Àdíját ni, àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ mọ́ ọmọ ọkọ lórí, ni mo bá fún un ní tèmi. Eyín rẹ̀ sì funfun lóòótọ́. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni mo lè finú hàn. Ó bá mi fa garawa mẹ́ta. Mo sọ ọ̀rọ̀ Sáríà fún un, pé mo ti ń ṣa aṣọ sọ́tọ̀. Ó kàn ń wo okùn kànga. Ó ní òtútù ń mú níbẹ̀ o. Mo ní ọkọ mi á wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3-3-73
Ewúrẹ́ mẹ́ta. Ibi tí wọ́n jẹ tó ẹní kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 16-3-73
Igun tó wà lápá ọ̀nà ti ń gbẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi ń bò ó lọ́sàn-án, mo ń ká a kúrò nírọ̀lẹ́. Bàbá Sàláúdéènì, télọ̀ òdìkejì, dá mi dúró létí kànga. Ó ní Àpìkẹ́, àwọn èèyàn ń tò nítorí omi tí wọ́n máa mu, ìwọ ń gbé tìrẹ fún koríko, o ò bẹ̀rù Ọlọ́run? Ojú tì mí. Mo gbé garawa kan fún un. Mo gbé méjì tó kù fún Ọmọọba. Ọlọ́run mọ ohun tí mo ń wá.

Ọjọ́rú, 21-3-73
Nǹkan ṣe. Ìyá gbé ọpọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá, wọ́n gbé omi náà wá bá mi, wọ́n ní kí n dà á sí koríko. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní àsárì. Wọ́n tún bi mí pé ṣé igun yẹn á ti tutù kí oṣù tó parí. Ìyá, tí wọ́n ní oko ni mo ń dá! Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọn ò wo ojú mi — mo mọ̀ pé ìtìjú gbogbo èébú ọjọ́sí ni. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti gbà mí.

Ọjọ́rú, 28-3-73
Ọkùnrin kan wá láàárọ̀. Béjidé, ó ní òun ló ń kọ́ àtíbàbà. Ó ń fẹsẹ̀ wọn iwájú ilé. Ó ní ọkọ ìyàwó ti kọ̀wé sí òun pé òun ò gbọdọ̀ gbẹ́ ihò kankan sínú koríko, orí rẹ̀ làwọn àlejò máa jókòó sí, kí òun ri gbogbo òpó mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mo ní ó ṣìlé. Mo ní kò sí ìgbéyàwó níbí. Ó yọ ìwé jáde. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà, òun náà ló wà lára gbogbo lẹ́tà tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mùyídéènì àti Nọ́síràtù.

Ó bi mí bóyá àbúrò ọkọ ìyàwó ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 29-3-73
Eyínfúnjowó jẹ́wọ́. Ó ti mọ̀ láti oṣù kejìlá. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ìyá fúnra wọn ló lọ tọrọ ọmọ náà. Ó ní wọ́n kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ, kí n má baà fìbínú pa koríko tì. Ó ń sunkún. Mo ní Àdíját, o bá mi fa omi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa dárúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ìyàwó. Ta ni mo mọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ méjì? Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi Sáríà tàn mí, kí n máa fi omi ìwẹ̀ mi rin ibi tí wọ́n máa jókòó sí ṣe é. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ó dùn mí. Ó dùn mí wọra.

Mo sì bomi rin ín láàárọ̀ yìí náà. Mo ṣì ń rò ó pé ó lè mú mi lọ. Èmi ni ìyáálé. Ó ṣèlérí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31-3-73
Àná ló dé. Ó kọ́kọ́ rìn yí koríko po kó tó wọlé wá kí mi. Lónìí wọ́n jókòó sórí rẹ̀. Ó tutù yọ̀yọ̀. Ẹní ni wọ́n fi bo igun tó gbẹ.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n pè mí, pé kí ìyáálé wá fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe é. Omi tí mo fà láàárọ̀ ni wọ́n gbé fún mi. Ọmọdébìnrin ni, kò lè ju ogún ọdún lọ. Ó rọra ní ẹ jọ̀ọ́, Ìyáálé, wọ́n ní ẹ ti gbọ́, wọ́n ní ẹ ti fọwọ́ sí i. Mi ò lè bínú sí i. Wọ́n parọ́ fún òun náà. Mo fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, mo nù ún.

Ọjọ́ Àìkú, 1-4-73
Lẹ́yìn oúnjẹ, níwájú àwọn àgbà ilé, Mùyídéènì dìde, ó ní kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ní obìnrin tó lè dá koríko sí nínú ọ̀dá irú èyí, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá ṣàdúrà sí mi lórí. Ó wá ní lọ́la lòun àti Nọ́síràtù máa wọ rélùwéè.

Mo bi í níwájú gbogbo wọn pé èmi ńkọ́. Ẹnu yà á, kò ṣe ojú ayé rárá. Ó ní bí mo bá lọ, ta ni á máa tọ́jú koríko? Ó ní kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3-4-73. Ìwàràjà.
Rélùwéè gbé wọn lọ lánàá. Láàárọ̀ yìí mo di ẹrù mi, mo kó kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá lọ́wọ́. Wọ́n ní koríko ńkọ́. Mo ní ẹ kú àmójútó. Mo wọ ọkọ̀ dé Iléṣà, mo wọ òmíràn dé ìkóríta níbí, mo ru ẹrù dé ilé bàbá mi.

Bàbá wo ẹrù, wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Wọ́n wá fi Ìjẹ̀ṣà bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé ó lù mí ni. Mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé ó lé mi ni.

Mo ní rárá, Bàbá. Ó yìn mí ni.