Ohun Tí Kálukú Nílò, Kó Sọ Ọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ilé Gààrí Ìyá Mùíz,
Abà Àgọ́-Oko, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, 2014.

Mùíz Àkànjí ọmọ mi,

Bisimilahi. Mo kí ọ kú ooru Èkó, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àtijọ́. Àlááfíà ni gbogbo wa wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó. Ilẹ̀ Akówonjò kò ní mú ọ, ọ̀nà tí ò ń gbà lọ sí ọ́fíìsì yín nítòsí Gowon Estate yóò máa rọ̀ fún ọ, àmín.

O ní o ò ní lè wálé Iléyá lọ́dún yìí, èyí tí yóò sọ ọ́ di Iléyá mẹ́ta gbáko, o ní iṣẹ́ ni. Mo bi ọ́ pé irú iṣẹ́ wo ni kì í jẹ́ kí ọmọ rí ìyá rẹ̀, o sì fi àlàyé ránṣẹ́ sórí fóònù Báyọ̀dé tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ọ̀nà méje ni fóònù já a sí, ìkẹfà ló kọ́kọ́ wọlé. Báyọ̀dé kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gba gààrí kóńgò kan nítorí pé ojú ń dun òun. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ ń ṣe ẹ̀rọ kan nínú kọ̀ǹpútà, tó ń gba iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tó ń tò ó pọ̀ títí yóò fi di odindi. Ẹ̀yà pọ̀ nínú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ń wá irinṣẹ́ tirẹ̀ kiri, tí wọ́n bá sì ti gbé e kúrò níbi tó mọ̀, iṣẹ́ dàrú. Nísinsìnyí, kálukú gbọ́dọ̀ sọ ohun tó nílò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀rọ ńlá gbé e lé e lọ́wọ́.

Àkànjí, inú mi dùn pé o ti ní ọmọṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ rẹ, láìtíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí o ò sọ ibi tí wọ́n ń sùn nínú kọ̀ǹpútà náà, àti ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ. Jọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, má ṣe máa pariwo mọ́ wọn.

Èmi náà wá dán an wò nílé gààrí. Ṣebí o mọ Ọmọ́wùnmí tó ń bó ẹ̀gẹ́, tó jẹ́ pé bó bá wá ọ̀bẹ lọ, ilé mẹ́ta ni yóò yà, òfófó ni yóò mú bọ̀, kò ní mú ọ̀bẹ. Mo kó ọ̀bẹ, asẹ́ àti igi ìdáná sínú yàrá mi, mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó, mo ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ wá nǹkan kiri mọ́, kí kálukú wá sọ ohun tó nílò kí n gbé e lé e lọ́wọ́. Kí oòrùn tó kàtàrí la ti parí. Ọmọ́wùnmí nìkan ló ń ráhùn pé òun ò mọ ohun tó ń lọ lábà mọ́.

O tún ní ẹ máa ń fún ẹ̀yà kan ní ayédèrú ohun tó nílò láti fi mọ̀ bóyá ó mọṣẹ́, kò sì ní fura. Mo bu lẹ́búlẹ́bú pákó fún Cecilia tó ń ku ẹ̀gẹ́. Ó kù ú dáadáa, ó wá ní, Ìyá Mùíz, ẹ̀gẹ́ yín tòní mà gbẹ o. Mo rí i pé ó mọṣẹ́, àmọ́ n ò ní jẹ gààrí tó bá dá nìkan ṣe.

Ọjọ́ kẹta ni wàhálà dé. Sìdíkátù tó ń yan gààrí ní ohun tí òun nílò ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti kù, kí òun tó dáná. Cecilia ní iná tó ti ń jó lòun nílò, kí òun tó kù ú, kó má baà jókòó títí kó bàjẹ́. Òfin mi náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń wo ara wọn títí ìrun àílà fi tó. Èmi ni mo dìde dáná fúnra mi kí iṣẹ́ tó rìn. Sọ fún ọ̀gá yín pé bí ẹ̀yà méjì bá ń wo ara wọn báyẹn, kó bá ọ̀kan nínú wọn dáná. Tó bá fẹ́ dúpẹ́, kó fún ọ láyè wálé.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ ara mi fi yé mi. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá ọ kiri bí ẹ̀yà àtijọ́ yẹn, lẹ́nu Báyọ̀dé, lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá ti Ẹ̀gbẹ́dá ìtòsí yín l'Ékòó dé. Owó ni mo máa ń ní kí o fi ránṣẹ́, o sì ń fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á máa pèsè fún ọ. Ṣùgbọ́n owó náà ni ayédèrú tí wọ́n ń gbé fún mi dípò rẹ, ọmọ mi, èmi kì í sì í ṣe ẹ̀yà tí kì í fura. Àárò rẹ ń sọ mí.

Nítorí náà, mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Ohun tí mo nílò ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà fún asẹ́ tuntun, òògùn ìpara fún orúnkún bàbá rẹ, àti ìwọ. Bí kò bá lè pé, yọ asẹ́ kúrò.

Ọlọ́run tó ń fún ẹyẹ lóúnjẹ láì jẹ́ pé ó dáko kò ní jẹ́ kí o wá ire kiri kí o tó rí i. Yóò fi ìwọ àti èmi sójú ara wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàbíbátù.

Bí ọ̀gá bá ní o ò lè fi àwọn ẹ̀yà náà sílẹ̀, kó gbogbo wọn dání máa bọ̀. Yàrá wà, gààrí sì wà.